Kásẹ́ẹ̀tì Ìwúre Bàbá Ògúntóyè

Kásẹ́ẹ̀tì náà gbóná nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ Màmá Christiana. Òjò ló pa màmá láti Ìlórò wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjerò. Aṣọ ara wọn tutù, ọ̀rá tí wọ́n fi wé kásẹ́ẹ̀tì náà tutù, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ gbóná bí ọwọ́ ènìyàn. Mo gbé e sórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ó tọ́ sí mi. Láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Àrámọ̀kọ, èmi ni wọ́n ń gbé fídíò àtijọ́ wá bá kí n bá wọn kọ ọ́ sórí àwo sídíì. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tí kò tíì gba ọwọ́ mi kọjá. Èyí tí èbu bá ti bò, màá tú u, màá fi òwú nù ún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́. Kò tíì sí èyí tó dójú tì mí.

"Ìyá Túnmiṣe, kò gbọdọ̀ bàjẹ́ o," ni màmá wí. "Òun nìkan ló kù."

Màmá Christiana, Christiana ni orúkọ tiwọn fúnra wọn, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Nígbà èwe wọn, wọ́n fẹ́ ọkùnrin ará Jọ́ọ̀sì kan tí bàbá wọn kò fọwọ́ sí, wọ́n sì bá a lọ sọ́hùn-ún. Nígbà tí ọkọ kú ni wọ́n padà sílé. Ní ìdílé Ògúntóyè tó jẹ́ ilé bàbá wọn, bí bàbá bá ti darúgbó, yóò jókòó nínú yàrá, yóò máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti súre fún wọn. Ọmọ yóò jẹ́ ìpè, yóò kúnlẹ̀, yóò ṣe àmín. Ìre tí ọmọ kò bá ṣe àmín sí, kò wọlé sí i lára. Bọ̀ọ̀dá Matthew tó jẹ́ àkọ́bí ló di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ tí bàbá wọn súre, nígbà tí màmá ṣì wà ní Jọ́ọ̀sì. Òun náà ló sọ fún gbogbo ẹbí pé Bàbá pe gbogbo ọmọ, àfi Christiana. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe màmá bí àlejò nínú ilé bàbá wọn. Bọ̀ọ̀dá Matthew rò pé èbu ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà tán, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún màmá.

"Mo fẹ́ fojú ara mi rí i pé wọ́n fò mí dá," ni màmá wí. "Ọkàn mi á lè sinmi."

Mo tún kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Màmá padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú dáadáa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tẹ́ẹ̀pù tó ti gbó báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń fi í sínú ẹ̀rọ, bó bá ṣe ń ṣeré ni yóò máa wọ inú kọ̀ǹpútà. Wáyà ló ń gbé ohùn kọjá. Kò sí makirofóònù níbẹ̀, ẹ̀ báà pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù mi, àwo kò ní gbọ́.

Bàbá Ògúntóyè yọ lórí àga, wọ́n dé fìlà. Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pe àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ń wọlé, wọ́n ń kúnlẹ̀. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde, àwòrán náà gbọ̀n, ó sì ṣókùnkùn. Màmá mí kanlẹ̀. Mo nawọ́ kí n pa ẹ̀rọ.

Àwòrán náà tún mọ́lẹ̀. Fáànù mi ń yí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

"Christiana Àbẹ̀jẹ́," ni Bàbá wí. Wọn kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Àwa ni wọ́n ń wò.

Mo gbá ọwọ́ màmá mú. "Ẹ má jẹ́ ẹ, mà," ni mo sọ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Èkìtì tí kò mọ̀ pé bí òkú bá peni, ìbáà ṣe lójú àlá, a kì í dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ti bá a lọ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí.

Bàbá ń retí ìdáhùn. Mò ń gbọ́ èémí wọn. "Àbẹ̀jẹ́. Ṣé o ò sí nínú ulé ni?"

"Bí mi ò bá jẹ́ ẹ, ìre náà ò ní wọlé," ni màmá wí.

"Bí ẹ bá wá jẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Kí ẹ sin mí bí ọmọ bàbá mi."

Wọ́n gba ọwọ́ wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yìn wọn nàró ṣánṣán. "Bàbá mi, èmi rèé."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n súre fún un, ó pẹ́. Wọ́n fi àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìwé súre fún un. Wọ́n ní ewú orí rẹ̀ yóò pẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí Màmá Christiana ṣì dúdú kirikiri lọ́dún tí wọ́n ya fídíò náà. Màmá ń ṣe àmín lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn kò gbọ̀n. Orí mi wú, àfi bíi pé èmi ni mo bí wọn. Lẹ́yìn náà Bàbá di apá àga mú, wọ́n dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì rìn jáde kúrò nínú àwòrán.

A ń retí ikú, kò dé. Màmá gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Fúnra mi ni mo gbé àwo náà lọ sí Ìlórò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, torí mo fẹ́ rí ojú àwọn ẹbí. Gbogbo wọn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo sì fi àwo náà sí i. Ohùn Bàbá pé, ìre kọ̀ọ̀kan pé, ṣùgbọ́n àga wọn ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wọlé, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún àga lásán.  Ìgbà tó yá, Bàbá pe Christiana Àbẹ̀jẹ́, ohùn Màmá Christiana, ohùn àgbàlagbà tí wọ́n ní lónìí, sì dáhùn ketekete láti inú àwo.

Bọ̀ọ̀dá Matthew yíjú sí Màmá Christiana. "Bàbá pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Wọ́n pè ọ́, pè ọ́. Mo ní o ò sí nílé. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde lórí àga yẹn títí wàá fi jẹ́ àwọn. Inú rẹ ló ń bí mi, mo bá pa kámẹ́rà. Orí àga yẹn náà ni wọ́n kú sí."

Màmá Christiana kò wo ojú wọn. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n tẹjú mọ́ àga inú tẹlifíṣọ̀n náà.

"Mo ti jẹ́ wọn," ni màmá wí. "Bàbá ti dìde."