Gílóòbù Méjìlá ní Bẹyẹrúnkà

Gbàgà!

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn já wọlé pẹ̀lú férémù rẹ̀.

Ìrun Ìṣáì ni wọ́n ń kí lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló wà níbẹ̀, àfi Bàbá Ishaq, tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn débẹ̀ mọ́. Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yan àkókò náà nìyẹn.

Àwọn méjì ló wọlé. Ẹni kẹta wà nínú ọkọ̀ ní ẹnu títì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn. Vuuu! Vuuu!

Zakariyya, ọ̀gá wọn, gbé ẹnu ìbọn lé Bàbá Ishaq lẹ́yìn ọrùn lórí ẹní ìkírun. Èjìdé, ọmọọṣẹ́ rẹ̀, tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri. Ó rí fèrè tó máa ń ké bí ẹnikẹ́ni bá fọ́lé. Ó fi ọ̀bẹ gé wáyà rẹ̀.

"Ẹ má dúró dè é, Bàbá," ni ó wí. "Fèrè yín ti sùn ṣáájú yín."

Qúdrát, ọmọ Bàbá, dúró ní kọ́ridọ̀, kò lè mira. Iṣẹ́ sólà àti kámẹ́rà ni ó ń ṣe ní Òkè-Àdó. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ni bàbá rẹ̀ ti ń dá gbé. Nítorí náà ni ó ṣe wá ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, tó so gílóòbù méjìlá pọ̀ mọ́ àpótí kékeré tó ń darí ààbò ilé.

Bí wọ́n bá já ilẹ̀kùn, fèrè yóò ké lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, gbogbo gílóòbù yóò tàn, nínú ilé àti lóde. Wọn kò nílò wáyà láti gbọ́ ti àpótí náà. Bátìrì sólà ló ń fún wọn níná. Ọ̀bẹ Èjìdé kò kàn wọ́n.

Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà ní ọ̀sán. Ní báyìí, ó ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má tàn. Bí iná bá tàn lójijì, ìka ọkùnrin yẹn lè fa ìbọn. Fóònù tó lè fi dá iná náà dúró sì ti wà nínú àpò Èjìdé.

Zakariyya kò béèrè ohunkóhun.

"Ọmọ yìí là ń gbé lọ," ni ó wí.

Bàbá Ishaq ní kí wọ́n mú òun dípò rẹ̀. Zakariyya rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò san owó ìtúsílẹ̀ arúgbó.

"Òun nìkan ló ṣẹ́kù fún mi," ni Bàbá wí.

Èjìdé bẹ̀rẹ̀ sí í so ọwọ́ Qúdrát.

Pàá! Iná tàn.

Qúdrát di ojú. Ó ń retí ìró ìbọn.

"Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!"

Èjìdé ló sọ ọ́. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí ohun tó wá ṣe. Zakariyya bú u pé kó pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n òun náà gbà pé wọ́n ti mú iná dé ni. Kò sí ẹni tó ṣí kọ́tìnì wo òde. Tìransífọ́mà àdúgbò ti jóná láti ọjọ́ mẹ́jọ. Láti ibẹ̀ títí dé Mápó, ilé kan ṣoṣo ló ní iná.

Qúdrát mí. Ẹ̀rù mìíràn sì bà á. Kò tíì sọ fún ará àdúgbò kankan pé iná yìí ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ta ni yóò rí i tí yóò ronú kan olè?

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ronú kan olè. Wọ́n kírun tán, wọ́n jáde, wọ́n rí ilé tó mọ́lẹ̀ rekete. Fóònù wọn tó ti kú ni wọ́n rántí.

Ṣùàṣùà! Ṣùàṣùà! Ìró sálúbàtà. Ẹni méjì. Ẹni mẹ́wàá. Ogún.

Èjìdé ní wọ́n ti yí àwọn ká. Ó ju okùn sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn, ó fo ògiri. Wọ́n gbọ́ ìgbe rẹ̀ níbi tó balẹ̀ sí.

Zakariyya fa Qúdrát mọ́ra. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó fa oǹdè dúdú kan yọ. Àféèrí ni. Bó bá fi sẹ́nu, ojú kankan kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é fún un ti kìlọ̀ pé kì í bo ẹni méjì.

Ó wo ọmọ náà. Ó wo ilẹ̀kùn.

Ó ti Qúdrát dànù, ó sọ oǹdè sẹ́nu.

Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó rọra ń rìn lọ lábẹ́ iná, ìbọn lábẹ́ aṣọ, ó gbójú sókè bí ọba. Àwọn ènìyàn kún àgbàlá, olúkúlùkù pẹ̀lú fóònù àti ṣájà lọ́wọ́.

Ràbíátù, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá, pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú alẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì wà nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì?"

Zakariyya dúró. Ó wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. Kò sẹ́nì kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó wò ó bóyá oǹdè ṣì wà níbẹ̀. Ìbọn yọ jáde lábẹ́ aṣọ.

"Olè!" ni Ràbíátù ké.

Gbàù! Gbàù! Zakariyya yin ìbọn sókè, ó sáré. Màmúdù, fijilántè àdúgbò, tí òun náà mú fóònù wá, gbá tẹ̀lé e. Kìtìkìtì lórí òkúta! Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́ ìbọn, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Vuuuun! Zakariyya ń sá tẹ̀lé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí tí kò fi rí i mọ́. Ojú ọ̀nà Bẹẹrẹ ni Màmúdù ti gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì jókòó lé e lẹ́yìn. Oǹdè náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Nínú ilé, Bàbá Ishaq ń tú okùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Kókó náà kò tú. Ó béèrè bóyá ìbọn bà á. Qúdrát ní rárá. Ó tún béèrè.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá fò sókè, ó sì fi ara rẹ̀ bo ọmọ náà.

"Ará àdúgbò ni, Bàbá," ni Qúdrát wí. "Iná ni wọ́n wá gbà."

Bàbá tún padà sídìí kókó náà.

"Ní kí wọ́n wọlé. Gbogbo wọn."