Ẹni Tí Kò Sunkún Ìyá Àgbà

Orí àga ni wọ́n ti bá òkú Ìyá Àgbà láàárọ̀, ó jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò ké, kò pe ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé bú sẹ́kún, àfi ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́, tó wá sílé fún ìsinmi láti ilé ìwé gíga. Adákẹ́ wo òkú náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó sì lọ fọ abọ́. Abọ́ tó lọ fọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

"Ọmọ yìí ló ní Màmá máa kú," ni Aránṣọ wí, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀. "Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ."

"Mo ní ẹsẹ̀ wọn ń wú, wọn ò sì lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́," Adákẹ́ dáhùn. "Mo ní tí a ò bá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n máa kú."

"Ẹ ò rí i, ó tún ń tún un sọ."

Ká má parọ́, ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Bí o bá bi í bóyá aṣọ rẹ dára, tí kò bá dára, wàá gbọ́ ọ. Kì í wojú èèyàn, ariwo sì máa ń dá a lágara. Dókítà ilé ìwé pè é ní ọ́tísíìmù, ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Oògùn tó fún un, ti ìpayà àti àìsùn ni. Obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń wá yàrá tí kò láriwo fún un láti ṣèdánwò. Lórí ayélujára, àwọn èèyàn ń jà lórí àwọn irú rẹ̀: àwọn kan ní kí wọ́n lo oògùn, àwọn kan ní oògùn ló ń bà wọ́n jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò bi í. Ká ní wọ́n bi í ni, ì bá ní oògùn ò sọ òun di ẹlòmíràn, ó kàn ń jẹ́ kí òun lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ara òun ni.

Nírọ̀lẹ́, ó máa ń fọ́n búrẹ́dì fún àwọn ẹyẹlé lẹ́yìnkùlé. Aránṣọ yọjú lójú fèrèsé, ó rí i láàárín ẹyẹ, ètè rẹ̀ ń mì. "Ìpàdé àjẹ́ ni wọ́n ń ṣe," ló lọ sọ fún àdúgbò. Ó wá wọ yàrá ọmọ ọlọ́mọ, ó kó oògùn rẹ̀ lọ. Ó ní àfi kí òun mọ ohun tó ń gbé mì tí ojú rẹ̀ fi gbẹ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, Adákẹ́ ò sùn dáadáa mọ́. Inú rẹ̀ dà bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Ó fẹ́ràn Ìyá Àgbà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ò wá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti sú bàbá rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà, pátápátá. "Aríran tí ẹbí ránṣẹ́ pè ń bọ̀ lọ́la," ó ní. "Tó bá ní ọwọ́ rẹ mọ́, wàá padà sílé ìwé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwé parí nìyẹn. Mi ò lè bá gbogbo ẹbí jà."

Aríran dé lọ́sàn-án, obìnrin kúkurú tó ń wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ó gbọ́wọ́ lé Adákẹ́ lórí. "Ọmọ yìí kọ́," ó ní. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ti gbé báàgì ìwé ọmọ rẹ̀. Ni Aríran bá nawọ́ sí Aránṣọ. "Ìwọ tó ń gbé oúnjẹ fún olóògbé. Ìwọ ni."

Aránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ yìí wá, fà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

Adákẹ́ mọ ohun tó máa rí gbà tó bá panu mọ́: ilé ìwé, yàrá tí kò láriwo, oògùn.

"Irọ́ ni," ó ní. "Àǹtí kọ́. Ọkàn Ìyá Àgbà ló dáṣẹ́ sílẹ̀."

"Ta ló máa ń gbèjà àjẹ́," Aríran bi í jẹ́jẹ́, "bí kò ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀?"

Bàbá gbé báàgì sílẹ̀. Ẹbí ń kùn. Adákẹ́ fọwọ́ bo etí rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà.

Ìgbà yẹn ni Aránṣọ kúnlẹ̀. "Òótọ́ ló ń sọ. Èmi ni mo mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọmọ yìí tó dé. Ó ní ọkàn wọn ò dára mọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá sọ ọ́, òun lẹ máa ní ó pa wọ́n."

Aríran palẹ̀ mọ́, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Bàbá tún gbé báàgì ìwé náà.

Nígbà tó yá, Aránṣọ gbé oògùn wá sí yàrá Adákẹ́. "Mo ṣe ẹ́ níbi. Kí ló dé tí o gbà mí sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa wọ́n."

"Ìyẹn nìkan?"

Adákẹ́ gba oògùn náà. "Inú ń bí mi sí yín. Ká ní ẹ sọ ọ́ nígbà tí mo sọ ọ́, à bá ti di méjì. Wọn ì bá gbọ́ tiwa. Bóyá Ìyá Àgbà ì bá ṣì wà."

Aránṣọ wá ibi tó máa jókòó sí. Kò rí, ó jókòó sílẹ̀.