Òdòdó Ara Katakata Denzil

"Ṣé katakata nìyí, Tamsin, àbí ilé adìyẹ?"

Jago, ọ̀rẹ́ Tamsin, ló sọ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà abà. Tamsin ń fi àkísà tó rẹ sínú epo nu katakata bàbá àgbà rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan báyìí tí ọ̀dà àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ń ṣí, tí ìpẹtà sì ti mú káàkiri.

"Tó bá di àfihàn katakata àtijọ́ ní Sátidé, ti bàbá mi á máa dán bíi dígí," ni Jago tún wí. "Ọ̀dà pupa ṣẹ́kù nílé wa. Jẹ́ ká bá ẹ kùn ún, jàre. Àbí o fẹ́ gbé ẹ̀gbin yìí wá síwájú gbogbo ìlú Tregarrow?"

Tamsin mọ̀ pé kò yẹ kóun gbọ́ tirẹ̀. Denzil Pascoe, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, wà ní ọsibítù níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, ó sì ti fi katakata náà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn katakata àtijọ́ ti ń bá Denzil jiyàn. Wọ́n ní àkànpọ̀ irin lásán ni. Òun ní irọ́ ni, pé ilé alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ òkè wa níbí ni wọ́n ti rọ ọ́ nígbà ogun, díẹ̀ ni wọ́n sì rọ kí ilé náà tó kógbá sílé. Ìyá Denzil gan-an wà lára àwọn obìnrin tó ń kùn wọ́n. Èyí tó bá ti kùn, á ya òdòdó kékeré aláwọ̀ ìyeyè sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ní Sátidé yìí, Ìyáàfin Rosevear, tó mọ katakata àtijọ́ bí ẹni mowó, ń bọ̀ wá wo òdòdó náà kí iyàn lè parí.

Denzil ti kọ́ ọmọ yìí dáadáa. "Wo irin, wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni kó o wò jù," ló máa ń sọ. "Irin ṣeé pààrọ̀. Ọ̀dà àkọ́kùn, tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn." Nígbà tí Tamsin sọ pé ó ti gbó jù, bàbá rẹ́rìn-ín. "Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Ṣùgbọ́n ẹ̀sín ọ̀rẹ́ a máa ta ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ju pàṣán lọ. Tamsin gbà. Wọ́n ha á, wọ́n kùn ún, ó pupa yòò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ibi tí òdòdó wà sílẹ̀.

Jago bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó. "Ó dà bíi làpálàpá," ló wí.

Inú bí Tamsin, ojú sì tì í. Ó fi fóònù ya fọ́tò òdòdó náà, ó ní fọ́tò náà ti tó. Ló bá mú bébà ìharin, ó ha á kúrò.

Ní Sátidé, pápá kún fún èéfín àti ariwo ẹ́ńjìnnì. Ìyáàfin Rosevear kúnlẹ̀ sínú koríko, ó yẹ abẹ́ ìjókòó wò títí.

"Ta ló kùn ún?"

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n fọ́tò òdòdó náà rèé."

Obìnrin náà wò ó, ó mi orí. "Òdòdó ni mo rí, ọmọ mi, mi ò rí katakata. Ara ilẹ̀kùn ni wọ́n yà á sí o, ara àpótí ni o, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Bí ọ̀dà yẹn ṣe wọ irin ni mo wá wò. O ti ha á dànù."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti ìlú yìí ni. Bàbá mi ò purọ́."

"Ó lè jẹ́ òótọ́. Mi ò kàn ní lè jẹ́rìí sí i."

Ibẹ̀ ni ìyá Tamsin ti Denzil dé láti ọsibítù lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Bàbá ti fá irùngbọ̀n, ó sì de táì nítorí ọjọ́ náà. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó katakata, ó ń wá ibẹ̀ káàkiri.

"Ó mọ́ tónítóní," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Tí àárò ìyá mi bá ń sọ mí, ibí ni mo máa ń fọwọ́ kàn."

"Bàbá, ẹ bú mi! Ẹ nà mí pàápàá!"

"Kí ni èébú fẹ́ dá padà, Tamsin?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké pé katakata pupa ti Pascoe ló gba ẹ̀bùn ọ̀dà tó dára jù lọ. Jago hó yèè. Denzil náà pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ yẹn ló sì pa Tamsin lẹ́kún.

Gbogbo òtòòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ọ̀dọ́ tó bá ti mọ ohun tó tọ́, kó dì í mú, kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kó tó di Mọ́ńdè, Jago ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ẹni tó fi wá ṣẹ̀sín kì í bá wa sunkún àdánù.