Ọ̀nà Tí Kò Sí Lẹ́yìn Àpáta

"Sọ̀fí, sọ ọ́ kalẹ̀ ká máa lọ! Òjò ti ṣú lókè odò!"

Najeem ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé àpò láfún kan sórí, ojú rẹ̀ sì ti wà lọ́nà ilé. Sọ̀fíyátù kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá láfún tí ìyá àgbà wọn sá sórí àpáta jọ, ó ń rọ́ ọ sínú àpò kejì.

"Ó ku díẹ̀," ló wí. "Tí òjò bá pa èyí, ṣé ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà?"

Màmá Najeem ni ẹ̀gbọ́n bàbá Sọ̀fíyátù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn ọmọ méjèèjì, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ilé Ìyá Àgbà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n sì ń gbé. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ara Najeem kò balẹ̀ rárá. Rùkàyyàt, màmá rẹ̀ tó ti wà ní Àbíjàn láti ọdún mẹ́rin, ń bọ̀ wálé. Ó ti pè láàárọ̀ pé ọkọ̀ àwọn ti wọ Èjìgbò, pé kí wọ́n tó kírun alásàrí, òun á ti jókòó sílé. Ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ta ló máa ní kó ṣe sùúrù?

Gbogbo ẹni tó ń sá láfún sórí àpáta yẹn ló mọ òfin ibẹ̀. Àpáta náà tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn a sì máa mú un gan-an, ìdí nìyẹn tí láfún fi ń tètè gbẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n odò kékeré kan wà láàárín rẹ̀ àti abúlé. Tí òjò bá ti ṣú lókè odò, o ò gbọdọ̀ dúró de ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo. Ńṣe ni wàá fi láfún sílẹ̀ níbi tó wà, tí wàá sáré kọjá. Ìyá Àgbà a máa sọ pé, "Láfún tó tutù, a lè tún un sá. Èèyàn tí omi bá gbé lọ, orí àpáta wo lẹ fẹ́ sá a sí?"

Àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, etí Sọ̀fíyátù di.

Nígbà tí wọ́n fi dé etí odò, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Odò tí kò mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀ láàárọ̀ ti kún dé àyà èèyàn, ó ń ru gùdù, ó ń wọ́ igi gbígbẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán òjò kan kò tíì kán sí wọn lára o.

"Lá ìláhà ìlálláhù!" Najeem sọ àpò orí rẹ̀ kalẹ̀. "Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé kọ́ wa ní Jọ́gíráfì gan-an nìyí! Àpáta líle ló pọ̀ lókè lọ́hùn-ún, òkúta líle kì í sì í mu omi. Bí òjò ṣe ń rọ̀ sí i lórí ló ń gbá a dànù sínú odò."

Ó dúró, ó ń wo omi. Lójijì ló pàtẹ́wọ́.

"Máàpù wa! Sọ̀fí, ṣé o ti gbàgbé máàpù wa ni? Ọ̀nà gbígbẹ kan wà lẹ́yìn àpáta yìí tó já sí títì. Yéè, a ti bọ́! Màmá mi, mò ń bọ̀!"

Sọ̀fíyátù kò bá a yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé pín kíláàsì wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ rìn yí àpáta kan ká, kí wọ́n wo ibi tí òkúta ti le àti ibi tó ti jẹrà, kí wọ́n wo ọ̀nà tí omi ń gbà, kí wọ́n sì yà á sí máàpù. Sọ̀fíyátù ni olórí ẹgbẹ́ tiwọn. Àwọn tó kù ni Najeem àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Joanna. Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, ibà dá Najeem dùbúlẹ̀, ló bá ku àwọn ọmọbìnrin méjì.

Wọ́n rin apá iwájú àpáta, ó sì dáa. Nígbà tó ku ẹ̀yìn, Joanna jókòó sábẹ́ igi igbá, ó na ẹsẹ̀.

"Èmi ò wọ igbó yẹn o," ló wí. "Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé máa wá wò ó ni? Ohun tó wà níwájú náà ló máa wà lẹ́yìn. Yà á síbẹ̀, jàre."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká rìn ín."

"Wọ́n ní, wọ́n ní! Ìwọ Sọ̀fí, ìgbà wo lo di ìyálé kíláàsì?" Joanna rẹ́rìn-ín kèékèé.

Ẹ̀rín yẹn ló ká Sọ̀fíyátù lára. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ló bá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ya òkúta líle yí àpáta ká, ó sì ya ọ̀nà gbígbẹ kan sí i pẹ̀lú bírò pupa, nítorí ó rò pé ó máa jẹ́ kí iṣẹ́ náà lẹ́wà. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Tiwọn ló gba ipò kìíní, olùkọ́ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Gbogbo kíláàsì ló dà á kọ. Najeem tí kò lè lọ tilẹ̀ kọ́ gbogbo ìlà rẹ̀ sórí nítorí ìdánwò.

Ọ̀nà tí a yà lábẹ́ igi ni Najeem ń múra àtigbà báyìí. Iwájú jẹ́ omi, ẹ̀yìn jẹ́ irọ́, Sọ̀fíyátù kò sì mọ èwo ni kóun kọjú sí.

"Jẹ́ ká dúró," ló wí. "Omi á fà."

"Títí dìgbà wo? Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró!"

"Ejò... ejò pọ̀ lọ́nà yẹn."

Irọ́ mìíràn nìyẹn. Najeem fi í rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò rẹ̀, ó yí sẹ́yìn, ó ń lọ. Sọ̀fíyátù gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ń ro ohun tí olùkọ́ máa sọ, ó ń ro ojú tí kíláàsì máa fi wo òun. Ìtìjú ti dì í lẹ́nu pa.

Wọ́n dé ẹ̀yìn àpáta. Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni òkúta líle ti tán. Òkúta mìíràn ló kù, ó ń dán yinrinyinrin, ó sì ti jẹrà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fọ́ lọ́wọ́ bíi kókó èlùbọ́. Omi ọdún pípẹ́ ti gbẹ́ ẹ di kòtò jíjìn, koríko gíga sì bo ẹnu kòtò náà.

"Koríko ló bo ọ̀nà wa," ni Najeem wí, ó sì gbé ẹsẹ̀.

"Najeem, dúró! Irọ́ ni! Kò sí ọ̀nà níbẹ̀! A ò dé ibẹ̀ rí, èmi ni mo kàn yà á!"

Ó ti pẹ́ jù. Etí kòtò ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun, àpò, koríko, gbogbo rẹ̀ wó lọ sísàlẹ̀ gbìì. Nígbà tí Sọ̀fíyátù fi máa yọjú, ẹrẹ̀ ti mù Najeem dé ìbàdí, òkúta sì ti há ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀. Omi ń ṣàn wọ inú kòtò láti ọ̀tún àti òsì.

"Sọ̀fí, mi ò lè fa ẹsẹ̀ mi yọ! Omi ń gun mí lára!"

Sọ̀fíyátù kò ro láfún mọ́. Ó da gbogbo láfún inú àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó so àpò náà mọ́ ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí igi kékeré kan tó hù láàárín àpáta, ó dì í mú, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán wa òkúta. Èékánná rẹ̀ méjì ṣí. Omi dé àyà Najeem, ó ń ké pe màmá rẹ̀, Sọ̀fíyátù ń sunkún, ó ń wa òkúta, ó ń sọ pé, "Dárí jì mí, má kú, dárí jì mí." Nígbà tí òkúta mì, ẹsẹ̀ náà yọ. Wọ́n fi àpò àti ìborùn wọ́ ara wọn gòkè.

Wọ́n jókòó sórí àpáta nínú òjò, ọrùn ẹsẹ̀ Najeem wú gbọ̀ngbọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Tí mo bá kú síbẹ̀ ńkọ́?"

Sọ̀fíyátù fi ìborùn rẹ̀ di ọrùn ẹsẹ̀ náà.

Òjò dá. Bí odò iwájú ṣe kún kíákíá náà ló ṣe fà kíákíá, nítorí omi tí òkúta kò mu kì í pẹ́ kó tó lọ. Ká ní wọ́n ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò sí ohun tí ì bá ṣe wọ́n. Nígbà tó fi máa tó àkókò mọ̀gàríbì, Ìyá Àgbà àti àwọn ará abúlé dé, Rùkàyyàt ló ṣíwájú wọn. Kò bọ́ bàtà tó fi sáré wọ odò.

"Mon Dieu! Ọlọ́run mi o! Ọmọ mi! Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Najeem wo Sọ̀fíyátù. Sọ̀fíyátù mọ̀ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun ni. Ó kúnlẹ̀ lórí àpáta tó tutù.

"Èmi ni, mà. Mo ya ọ̀nà tí mi ò rìn sí máàpù kíláàsì wa, ó sì gbà mí gbọ́."

Ó rò pé wọ́n máa gbá òun létí. Ìyá Àgbà kàn wò ó. "Ọmọ mélòó ló ti da ọ̀nà yẹn kọ?"

"Márùndínlógójì, mà."

"Ó dáa. Ó ku ìwọ àti àwọn."

Lọ́jọ́ Ajé, Sọ̀fíyátù dìde níwájú kíláàsì, ó jẹ́wọ́. Joanna kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé já máàpù náà kúrò lára ògiri, ó sì fún orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí rẹ̀ ní òdo.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, Najeem ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni olùkọ́ wí. "Ẹ lọ tún un ṣe. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan."

Odindi ọjọ́ méjì ni Sọ̀fíyátù fi rìn yí àpáta náà ká, òun pẹ̀lú Ìyá Àgbà tó mọ gbogbo kòtò ibẹ̀. Ó ya ibi tó le, ó ya ibi tó jẹrà, ó ya omi bó ṣe ń gba ọ̀nà rẹ̀. Ó gbé e lọ bá Najeem lórí ẹní, níbi tí màmá rẹ̀ ti ń fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀. Najeem wo bébà náà títí.

"Ṣé o fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé gbogbo rẹ̀?"

"Mo dé gbogbo rẹ̀."

Ó dá a padà fún un. "Tí ẹsẹ̀ mi bá sàn, èmi náà á lọ wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Sọ̀fíyátù ju òdo lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Najeem kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ̀ ń ka èyí, irọ́ tí a pa nítorí pé rírìn sú wa, tàbí nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́, kì í pa ẹni tó pa á nìkan lára. Tí o bá máa sọ fún èèyàn pé ọ̀nà wà, kọ́kọ́ rìn ín, nítorí ẹnì kan lè gbà ọ́ gbọ́ kó sì gba ibẹ̀ lọ.