Ẹni Tó Ń Bá Mi Ka Mítà

Orí ìdúró ni ọmọbìnrin náà ti ń sùn. Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn gba fèrèsé láàbù wọlé, ó sì tàn sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀. Ó fi èjìká ti pẹpẹ irin tí wọ́n to bátìrì mẹ́jọ sí, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, wáyà pupa kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jù sílẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú irinṣẹ́ ní láàbù náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọdún mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀, oríṣiríṣi akẹ́kọ̀ọ́ ló ti rí, kò tíì rí èyí tó ń sùn bí ẹṣin. Kò pariwo, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ lọ pa iná níbi súwíìṣì ńlá, lẹ́yìn náà ló wúkọ́.

Ọmọbìnrin náà lajú. Ó wo mítà, ó rí i pé ó ti kú, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ pa á?"

"Èmi ni. Ẹni tó ń sùn kì í di wáyà mú."

"Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń kà á, Bọ̀ọ̀dá. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó ku wákàtí méjì péré kó pé, ó wá di àtúnbẹ̀rẹ̀."

Kò bínú. Àárẹ̀ ò jẹ́ kó ráyè ìbínú. Ìyẹn gan-an ló dun ọkùnrin náà. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

Ẹ̀kọ́ nípa ètò agbára iná ni ọmọbìnrin yìí ń kọ́ ní yunifásítì: bí wọ́n ṣe ń rí iná fà látara oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe ń kó o pamọ́, àti bó ṣe ń dé ilé oníkálukú. Ó ti wà ní ọdún karùn-ún, ọdún àṣekágbá. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi jáde ni láti mọ̀ bóyá bátìrì àlòkù, irú èyí táwọn èèyàn ti gbé sọ nù, ṣì lè gbé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ilé ìwòsàn kékeré kan ró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Bátìrì. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kó tó dé láàbù láràárọ̀, ó ti wẹ bàbá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, ó ti fún un lóúnjẹ, ó sì ti wọ ọkọ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ni bàbá náà ní.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá olùtọ́jú irinṣẹ́ lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, tòun ti ìwé àti bírò. Ọkùnrin náà ní kó fi nọ́ńbà tí òun máa kà han òun, kó sì lọ dùbúlẹ̀. Ó kọ́kọ́ jiyàn. Nígbà tó yá, ó fa bẹ́ǹṣì méjì pọ̀, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Nígbà tó jí, ó yẹ ìwé náà wò. Nọ́ńbà tò gbọọrọ bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi tò wọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọkùnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ó rẹ́rìn-ín lójú oorun.

"Ṣé mítà ló sọ èyí náà?"

"Mítà kejì ni."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi jọ ka mítà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkùnrin náà sìn ín délé, ó bá bàbá rẹ̀ lórí ìjókòó, irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu. Ó béèrè abẹ, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fá irùngbọ̀n bàbá náà díẹ̀díẹ̀. Bàbá tí kì í lè sọ̀rọ̀ tó já gaara di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tètè jù ú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin náà ní, "O ṣé."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ ṣé" ló máa ń sọ.

"Kí lo wí?" ni ọkùnrin náà bi í.

"O gbọ́ mi, jàre."

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkùnrin náà ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Opó ni. Òpó iná ni ọkọ rẹ̀ máa ń gùn kó tó di olóògbé, orí òpó náà ló sì kú sí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú àfẹ́sọ́nà wá, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, títí tó fi béèrè irú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́. Bó ṣe gbọ́ iná, ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n iná ti gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Mi ò lè tún máa dúró lójú fèrèsé de ìyàwó ọmọ mi."

Ọkùnrin náà bẹ ìyá rẹ̀ títí, ó sú u. Níkẹyìn ló ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ó bi ọmọbìnrin náà bóyá kò lè fi iná sílẹ̀, kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò.

Ọmọbìnrin náà wò ó pẹ́. "Ìwọ tó o bá mi ka gbogbo nọ́ńbà yẹn lò ń bi mí?" Kò bá a jà. Ó ní ó kàn rẹ òun ni. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sì lọ.

Oṣù mẹ́rin ni wọn ò fi ríra. Láàárín ìgbà náà, ó fi iṣẹ́ bátìrì yege, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi oòrùn ṣe iná nílùú tó jìnnà sì gbà á. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lọ, ó lọ kí opó náà ní ọ̀sán. Ó ní òun kò wá bẹ̀bẹ̀, ó dàbọ̀ lòun wá wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú.

Ìyá náà fa àga sún mọ́ ọn. Láti ọdún mọ́kànlélógún, gbogbo èèyàn ló ń bá a kẹ́dùn, ẹnì kankan ò béèrè rí. Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: wọ́n pa iná kí ọkọ òun lè gun òpó, ẹlòmíràn sì dé, ó tan iná padà, kò béèrè ẹni tó wà lókè.

Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ òun. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lára wáyà á pa iná, á fi àgádágodo ti súwíìṣì, á sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá àgbà bá tiẹ̀ dé, kò ní rí i tàn.

"Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ tìẹ?"

"Èmi fúnra mi ni, Mà. Àpò mi ló máa wà."

Ìyá náà sunkún, kò pẹ́. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa bẹ̀rù, ọmọ mi," ló wí. Ó mú fóònù, ó ní kí ọmọ òun máa bọ̀ nílé.

Tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ló fi dé. Nígbà tó rí ẹni tó jókòó, ó tọrọ àforíjì nítorí ìbéèrè ọjọ́sí. Ọmọbìnrin náà ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ń lọ ní òpin oṣù, òun ò sì tíì mọ ẹni tí òun máa fi bàbá òun sílẹ̀ fún.

"Èmi," ni ọkùnrin náà wí. "Màá máa wẹ̀ wọ́n láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bó o bá ti rílé síbẹ̀, à ń bọ̀ wá bá ọ. Fẹ́ mi, olólùfẹ́ mi."

"Ṣé bàbá mi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Ó gbà. Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Ìyá ọkọ ṣe ẹlẹ́rìí, bàbá ìyàwó sì wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà bẹ ìyàwó tuntun: kó máa pe òun nígbàkígbà tó bá ti parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú tó jìnnà náà; nírọ̀lẹ́, fóònù ìyá ọkọ rẹ̀ dún. Ìyá náà ti jókòó tì í láti aago mẹ́ta.

"Mo ti ṣe tán, Mà," ni ohùn náà wí, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. "Mo ń lọ sílé."

"Ó dáa, ọmọ mi," ni ìyá náà dáhùn. "Lọ jẹun."