Ọwọ́ Tí Kò Sọ Orúkọ Rẹ̀

Orúnkún ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí. Aṣọ tó wà lórí rẹ̀ ń tẹ̀ wọlé, ó ń dìde, ó tún ń tẹ̀ wọlé, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ìka kàn án jẹ́ẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ọwọ́ ẹnì kankan níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé, okùn tí wọ́n fi ń hun àga wà nílẹ̀ káàkiri, oníkálukú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo nu ojú mi, mo tún wò ó. Ó ṣì ń tẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, kí ẹ má baà ní orí mi ti yí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun ìjókòó àga ni. Àwọn tó ń hun ún kò ríran, wọn kò sì gbọ́ràn; ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọwọ́ ni ojú wọn, ọwọ́ ni etí, ọwọ́ náà sì ni ẹnu. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bá sọ ọ́, á máa fi ìka sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹnìkejì á sì máa tẹ̀ lé e. Èmi ni ògbufọ̀ wọn. Bí oníbàárà bá wọlé tó ń pariwo bí ẹni pé ariwo ni oògùn etí, èmi ni mo máa ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wọn lọ́wọ́, mo sì máa ń ṣa èébú kúrò nínú rẹ̀ kí n tó kó o.

Wọ́n ní òfin tiwọn. Bí o bá dé, wàá fọwọ́ sọ orúkọ rẹ lára ẹni tí o bá. Orúkọ ọwọ́ ni o, kì í ṣe ti inú ìwé. Tèmi ni kí a fi ìka yí ọrùn ọwọ́ po, ká wá fi èékánná já a díẹ̀. Ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, nítorí mo máa ń gé e jẹ nígbà tí mo wà lọ́mú. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbọ́ á máa fi ìka kan orúnkún rẹ̀, bí àwa ṣe máa ń wí pé "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn," kí ó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà. Ìka tó bá dákẹ́ lórí orúnkún, ẹni tó ni ín ti lọ nìyẹn. Bí o bá sì fẹ́ máa lọ lóòótọ́, wàá fi àtẹ́lẹwọ́ ra apá onítọ̀hún láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Ìdágbére nìyẹn. Òfin kan tún wà tí wọn kì í fi ṣeré: ọwọ́ tí kò bá sọ orúkọ tirẹ̀ fún ọ, o ò gbọdọ̀ sọ tìrẹ fún un.

Bàbá Alága, ọ̀kan nínú àwọn tó ń hun àga, ló máa ń jókòó lápá òsì ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀bẹ ti gé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dànù tipẹ́, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé nítorí kí ọ̀rọ̀ òun lè dín kù ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló kú sí, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ìyá mi. Mo wà níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ sáré wá, ó fà á yọ lọ́wọ́ ìyá mi bí ẹni fa ẹrù, wọ́n sì gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ ra apá ẹnì kankan. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ òsì ìyá mi kò ti sinmi mọ́. Ó ń jẹun, ọwọ́ òsì ń sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó ń wẹ̀, ọwọ́ òsì ń sọ̀rọ̀. Àkókò yẹn ni mo rí aṣọ tó ń tẹ̀ wọlé lórúnkún rẹ̀. Bí mo bá jókòó sápá ibẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí kúrò. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò pe orúkọ mi mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo ní kí n sọ ọ́ sí i lára, á gbọn ọwọ́ mi nù kí n tó parí rẹ̀. Mo sunkún lórí ìyẹn, mi ò ní purọ́.

"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo fi ìka bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Jẹ oúnjẹ tìẹ."

"Ẹ kì í pè mí mọ́."

"Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò."

Obìnrin tí kò rí ojú mi rí ló ń sọ fún mi pé òun rí nǹkan. Ká ní ìgbà mìíràn ni, ǹ bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọwọ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè bọ̀. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé ó bọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ni kò ṣàn dé ibẹ̀ dáadáa, ó fún wa ní ìpara. Mo fi ra á títí ó fi tán, ńṣe ni ìka ń le sí i. Ẹlòmíràn lè pàdánù ọwọ́ kó ṣì wà láàárín èèyàn. Ní ti ìyá mi, bí ọwọ́ bá kú, ẹnu kú, etí kú, èmi náà sì di òkú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù yìí kò jẹ́ kí n lè jókòó. Bí mo bá dé yàrá, mo fẹ́ jáde. Bí mo bá jáde, mo fẹ́ padà lọ wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Pẹ̀lẹ́, tí òun náà ń hun àga. Ó máa ń kọjú sí ìyá mi jókòó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ẹni tí kò dágbére kò tíì lọ," ó sọ ọ́ sí mi lọ́wọ́ ní kúkúrú, ó sì fi aṣọ nu ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá. "Ṣé kí n wá máa dágbére fún òkú ni, àbúrò?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo apá ibi tí bẹ́ǹṣì wà.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí Bàbá Alága bá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀ nítorí pé wọ́n fà á lọ láìdágbére, ẹnì kan ní láti bá a ṣe é. Ta ni yóò ṣe é bí kò ṣe èmi? Nígbà tí àwọn tó kù jáde lọ sinmi, mo fa àpótí kan síwájú bẹ́ǹṣì, mo jókòó. Ibẹ̀ tutù bí abẹ́ àmù. Mo mú ọwọ́ òsì ìyá mi kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó wà. Ó bá mi jà o! Àgbàlagbà tí kò lè gbé ife mọ́ fi gbogbo ara bá mi jà. Mo borí rẹ̀, mo ki ọwọ́ òsì tèmi síbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Ojú mi kò rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kan rọra wọ abẹ́ ọwọ́ mi, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí. A kì í dágbére fún èèyàn láìkí i, nítorí náà mo kọ́kọ́ sọ orúkọ mi; mi ò dúró gba tirẹ̀, torí Bàbá ni mo pè é. Mo yí ìka po, mo fi èékánná já a. Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo wá èjìká rẹ̀ kàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra apá náà bọ̀ nísàlẹ̀. Mo ra á, mo ra á, apá náà ń gùn lọ, n kò kan ìgbọ̀nwọ́.

"Bàbá, ẹ máa lọ," ìka mi wí. "Ẹ ṣé. Ó tó."

Ọwọ́ náà yí padà, ó di tèmi mú. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàńpàkò. Ìfábẹ̀lá. Lẹ́yìn náà ìka àárín, odindi, ó gùn ju àwọn tó kù lọ.

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan orúnkún mi jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹn-ẹn. Ẹn-ẹn.

Ọwọ́ ìyá mi méjèèjì dákẹ́ lórí itan rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Ó wá fi ìkánjú wá ọwọ́ ọ̀tún mi.

"Ṣé o sọ orúkọ rẹ fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo fẹ́ kí Bàbá lè lọ ni."

"Bàbá ti lọ. Ó fọwọ́ ra apá mi kó tó kú, ẹ̀yin olójú ni ẹ ò rí i." Ó fà mí sún mọ́ ara rẹ̀. "Òun ló ń dá nǹkan yìí dúró tẹ́lẹ̀. Ìtàn ló fi ń dá a dúró, ìtàn rẹ̀ sì tán lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan náà mọ orúkọ mi nítorí Bàbá máa ń fi kí mi. Bí o bá ń sọ ìtàn, á máa gbọ́. Bí o bá dákẹ́, á béèrè ẹni tó sún mọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ta ni ọmọ tó ń mú mi rìn. Mo sọ bí wọ́n ṣe bí mi fún un, mo sọ ti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mo sọ ti ikú bàbá rẹ. Mi ò jẹ́ kó gbọ́ orúkọ rẹ."

Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi ìka yí ọrùn ọwọ́ mi po, ó fi èékánná já a. Ó tún pè mí. Ó tún pè mí. Kò sí ohun tí à ń fi pamọ́ mọ́. Àwa méjèèjì sunkún lórí bẹ́ǹṣì náà títí àwọn tó kù fi wọlé.

Ọwọ́ ìyá mi ti gbóná báyìí, ó ti ń hun àga. Ó bẹ nǹkan náà pé kó padà sọ́dọ̀ òun, kò dá a lóhùn. Ìtàn tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mọ́ ọn ni. Ọwọ́ òsì mi tutù dé ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí, òsì ni mo fi ń sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ń kan orúnkún mi bí mo ti ń bá a bọ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi ni. Ó ní ta ni èmi ń kọ ọ́ sí. Mo ṣe bí ẹni tí kò yé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ tó ń tẹ̀ wọlé lórúnkún ìyá mi, mò ń yára, mò ń ṣàfikún. Ìka náà ti dákẹ́ lórí orúnkún mi. Mi ò mọ ibi tó gbà lọ, kò sì dágbére fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, bí nǹkan bá kàn yín lórúnkún, ẹ má sọ orúkọ yín.