Omi Rẹ̀ Kò Tíì Mọ́

Ẹni tó bá ń wá àlọ́ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé, kó kọjá lọ. Ọ̀sán gangan lèyí ṣẹlẹ̀, àwọn tó ṣojú wọn sì wà láàyè.

Ẹnjiníà kan wà tí wọ́n ń pè ní Mo-ti-mọ̀. Kò sóhun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ iyanrìn wò kí wọ́n tó fi kọ́lé. Iyanrìn tó mọ́, tí òtútù bá mú un dì, ibi tó wà náà ló ń jókòó sí. Àmọ́ tí erùpẹ̀ kúnnákúnná bá wà nínú rẹ̀, á máa fa omi láti ìsàlẹ̀, yìnyín inú rẹ̀ á máa nípọn sí i, á sì gbé ohun tó bá wà lórí rẹ̀ sókè.

Ìyá Alásẹ́ ló ń bá a fọ iyanrìn lórí asẹ́ títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sábẹ́ yàrá yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja ń tọ́jú ẹja sí wò, láti àárọ̀ dé ọ̀sán ni ìyá náà fi fọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá, omi rẹ̀ kò tíì mọ́."

"Ta ló bi yín léèrè?"

"Mo ní kí n sọ ni."

"Iyanrìn ni kẹ́ ẹ máa fọ̀, ìyá. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún wa."

Ó kọ ọ́ síwèé pé ó mọ́, ó buwọ́ lù ú. Alákọrí. Inú yàrá yẹn kan náà ni ìyàwó rẹ̀ wá ń to ẹja.

Lọ́jọ́ kan, nǹkan kàn kó kó kó nínú fírísà ibi iṣẹ́ Mo-ti-mọ̀, níbi tí wọ́n fi ife kan sí tó kún fún iyanrìn tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́. Ó tún kàn lẹ́ẹ̀kan.

Mo-ti-mọ̀ yínmú. "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń gbó."

Ó tún dún. Mẹ́ta. Ó dákẹ́. Ẹyọ kan.

Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn nílé nìyẹn.

Ó ṣí i. Ife náà nìkan ló wà níbẹ̀. Iyanrìn ti ga kọjá ẹnu rẹ̀, ó funfun, ó dúró. Ẹnikẹ́ni ò sì bu omi sí i.

Ó sáré lọ síbi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ ti wú, ilẹ̀kùn ti há. Láti inú lọ́hùn-ún: mẹ́ta. Ó dákẹ́. Ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi gé ilẹ̀kùn náà kí obìnrin náà tó jáde, ó ń gbọ̀n.

"A gbọ́ bó o ṣe ń kanlẹ̀kùn," ọkọ rẹ̀ wí.

"Èmi? Ọwọ́ mi ti dì látàárọ̀. Mi ò kan nǹkan kan."

Wọ́n délé, ìyàwó ṣanwọ́. Omi náà di ẹrẹ̀. Wọ́n dà á nù, ó tún ṣàn án. Ẹrẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, erùpẹ̀ kúnnákúnná ò tán lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ ò dín kù.

Mo-ti-mọ̀ gbé ìtìjú tà, ó lọ bẹ Ìyá Alásẹ́ wá sílé. Ìyá gbé ọwọ́ obìnrin náà sórí asẹ́, ó ń da omi sí i títí oòrùn fi rọlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ó ti mọ́?"

Ìyá wo omi. Ó wo Mo-ti-mọ̀ látòkè délẹ̀.

"Èmi lẹ wá ń bi? Ẹ kọ ọ́ síwèé pé ó mọ́."

Ó gbé asẹ́ rẹ̀, ó lọ. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ náà ni wọ́n ṣì ń fọ̀, wọn ò tíì ti ẹ̀rọ omi ilé náà.